Ilẹ̀kùn Abà Bàbá Àgbà, àti Bí Ó Ṣe Dé Pálọ̀ ní Iléṣà

Iṣẹ́ ṣíṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ni mò ń ṣe ní Iléṣà. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Atákúnmọ́sà. Kọ́tíìnì, tìmùtìmù, àga, kí n bá ènìyàn yan ọ̀dà tó máa bá ògiri rẹ̀ mu: ohun tí wọ́n sábà ń pè mí fún nìyẹn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí yàtọ̀. Ańtí mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gbé e fún mi, ohun tó sì fẹ́ fi ṣe pálọ̀ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kò sí lọ́jà kankan. Inú abà Bàbá Àgbà wa ló wà, lójú ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà. Oṣù mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà wá. Mo ń kọ ọ́ bó ṣe lọ, àti ibi tí mo ti ṣì í ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń kó nǹkan ilé baba wọn wá sílé tuntun báyìí, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n ti fá gbogbo ohun tó dára lára rẹ̀ dànù kí wọ́n tó gbé e kọ́.

Olùkọ́ ni Ańtí, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sẹ́yìn ìlú, ó tẹ́ táìlì funfun, ó kun ògiri ní funfun, ó ra àga aláwọ̀ eérú. Ọ̀sẹ̀ kejì tó kó wọlé ló pè mí. Mo bá a níjokòó, kò tan iná, ó ń wo ògiri.

Ó ní, "Àbúrò mi, ó dà bíi pé ọsibítù ni mo jókòó sí, tí mò ń retí kí wọ́n pe orúkọ mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wọ ibí mọ̀ pé ẹnì kan ló bí mi."

Mo bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Ó ní ilẹ̀kùn abà.

Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ ilẹ̀kùn yẹn. Pákó ìrókò mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kan kò lè dá a ṣí. Nígbà ọlidé, bí a bá ń ti odò bọ̀, ìró rẹ̀ la máa kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí ilé: á ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ańtí ní òun ṣì máa ń gbọ́ ọ.

Òṣómàáló ni Bàbá Àgbà wa ṣe níbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò nílò àlàyé: wọ́n á gbé aṣọ lọ tà láwìn láti ìlú dé ìlú, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè pé òṣó ni àwọn máa ló títí owó àwọn á fi pé. Owó aṣọ yẹn ló fi dá oko kòkó, òun náà ló fi kọ́ ilé sí abà. Ògiri amọ̀, yàrá mẹ́rin, páànù lórí, pẹpẹ sìmẹ́ńtì níwájú tí wọ́n ń sá kòkó sí. Ó pẹ́ tí ènìyàn ti kúrò níbẹ̀. Òjò ọdún tó kọjá wó ògiri ẹ̀gbẹ́ kan, páànù sì tẹ̀ wọnú yàrá. Wọ́n máa ń kì wá pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko. Àwọn baba wa ń gbé iná láti ilé lọ sóko. Oko ni àwa fẹ́ lọ gbé tiwa bọ̀.

Mo sọ fún Ańtí pé kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ọ̀dọ̀ Bàbá Ìsọ̀kun la ó kọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí báyìí, nítorí pé Ìsọ̀kun ló ń gbé. Ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá Àgbà fẹ́, ìdí igi mẹ́ta ni wá. Ohun tó wà ní abà yẹn, ti ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, kì í ṣe ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí mọ́tò háyà. Nínú iṣẹ́ mi, mo ti rí ibi tí ọlọ kan ṣoṣo ti ya tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nípá, tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di ìsìnkú tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹwà tí ọlọ náà lè fi kún pálọ̀ tó lè tó ìyẹn.

Bàbá gbọ́ wa tán. Ó ní, "Ẹ lọ kó o. Ilé tó ti ń wó, bí ẹ ò bá kó nǹkan inú ẹ̀, ikán á kó o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé. Èyí tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́, ẹ fún un. Èyí tí ẹ ò bá mọ ohun tó jẹ́, ẹ má gbé e kúrò, ẹ pè mí."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, mi ò kà á sí tó bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ Sátidé la lọ, èmi, Ańtí, ọmọ iṣẹ́ mi méjì àti káfíńtà kan tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́. Inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo ń kọ nǹkan sí bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde. Àmù omi ńlá kan wà ní igun yàrá Ìyá Àgbà, ìdí rẹ̀ ṣì rì sínú ilẹ̀ bó ṣe rì ín. Ọlọ méjì wà, ọmọ ọlọ kan péré. Abọ́ tánganran mẹ́sàn-án ti dì mọ́ra wọn nínú ìpẹtà, a fi omi gbígbóná yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó yá. A rí fírémù kẹ̀kẹ́ Raleigh, irin gọ̀ngọ̀ tí wọ́n fi ń já kòkó tí ọ̀pá rẹ̀ ti jẹrà, asọ̀rọ̀mágbèsì kan tí eku ti bímọ sínú rẹ̀, àti áyọ́ọ̀nù eléèédú tí àkùkọ kékeré kan dúró lórí ìdè rẹ̀. Àkùkọ yẹn lèèyàn máa yí kí ọmọrí tó ṣí. Pótímáńtò onírin kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé omi á ti ba inú rẹ̀ jẹ́. Kò bà á jẹ́: ìwé owó orí tí wọ́n fi òwú dì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ẹtù kan tí Ìyá Àgbà ká ní mẹ́rin tó sì fi káńfọ̀ sí láàrin. Káńfọ̀ ti tán pátápátá, àmọ́ òórùn rẹ̀ ṣì wà.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kánjú jù kò sí níbẹ̀ mọ́. Òṣùwọ̀n kòkó ni, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara òpó, tó ní ìkọ́ nísàlẹ̀ àti ojú bíi ti aago. Ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ ṣì wà lára òpó, ojú ibi tó dúró sí sì mọ́ ju ara òpó tó kù lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ti tà á fún àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ní oṣù kan ṣáájú wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ju irin lọ. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi gbé àpò kòkó kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Ère ìbejì kan ló wà nínú rẹ̀, kò gùn ju láti ọrùn ọwọ́ mi dé igunpá lọ. Imú àti ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ojú rẹ̀ ń dán bí òkúta inú odò. Kì í ṣe agbẹ́gilére ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Wíwẹ̀ tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ ni, tí wọ́n ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, tí wọ́n ń pa á lára, títí tí ojú rẹ̀ fi jẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀. Osùn pupa ṣì wà ní kọ̀rọ̀ etí rẹ̀. Irun rẹ̀ ní àwọ̀ aró. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lórí okùn ìdí rẹ̀.

Ańtí ní yóò dára láàrin fọ́tò méjì lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kí n sọ òtítọ́, mo ti ń rò ó lọ́kàn ibi tí iná á gbà bọ́ sí i lójú. Káfíńtà ló rán wa létí ohun tí Bàbá sọ. Mo pe Bàbá, ó ní kí a gbé e padà sínú àpò, kí a fi sílẹ̀, òun ń bọ̀ lọ́la.

Ọ̀kadà ló gbé e wá. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi gba ère náà lọ́wọ́ mi. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Méjì ni Ìyá wa bí, ọ̀kan lọ kí wọ́n tó gbà á lẹ́nu ọmú. Èkejì ẹ̀ ṣì wà láyé, ẹ̀yin náà kí i nílé lọ́dún tó kọjá."

Arábìnrin àgbà yẹn ni, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí gbogbo wa ń fún lówó ọbẹ̀ lọ́dún Kérésì. Mi ò mọ̀ pé ìbejì ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá gbé ère náà lọ. Nígbà tí a ka àkọsílẹ̀ wa sétígbọ̀ọ́ ilé, ọmọ ẹ̀gbọ́n kan ní kí wọ́n sun ún, pé ìgbàgbọ́ ni wá. Bàbá kò dá a lóhùn. Ìgbàgbọ́ lèmi náà, mo sì rò pé ẹni tó bá sun ún, ẹkún ìyá kan ló sun.

Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi mọ òfin pẹ̀lú. Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ilẹ̀ wa sílẹ̀ ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó ka èyí tó níyì nínú ìtàn tàbí nínú iṣẹ́ ọnà, tí wọ́n sì ti fi ṣe ìsìn tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ rí, mọ́ ọn, ìgbà yòówù kí wọ́n ṣe é. Ère, òpó ilé, ìlù, ọ̀pá, kódà ilẹ̀kùn wà nínú ohun tí òfin náà dárúkọ. Ẹni tí kò ní àṣẹ kò gbọdọ̀ rà á, ẹni tó ni ín pàápàá kò gbọdọ̀ tà á bí kò ṣe fún àjọ náà tàbí aṣojú tó fàṣẹ sí, a kò sì gbọdọ̀ mú un jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé. Oníbàárà ti wá bá mi rí pé kí n bá òun wá ilẹ̀kùn oníṣẹ́ ọnà láti inú ilé àtijọ́ kan. Mo kọ̀. Ilẹ̀kùn tiwa kò ní ọnà kankan lára, ó sì kéré lọ́jọ́ orí sí ohun tí òfin ń wí: Bàbá ní ọdún tí Bàbá Àgbà kan páànù sílé náà lòun wọ ilé ìwé, ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ní 1955.

Ẹni mẹ́rin ló gbé ilẹ̀kùn yẹn sínú píkọ́ọ̀pù. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ férémù rẹ̀ méjèèjì di ìyẹ̀fun, àmọ́ wọn kò rí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ jẹ, àfi etí kan tó funfun díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìrókò rí. Àárín igi náà, tó pọ́n, kì í dùn lẹ́nu ikán. Ara tó wà lẹ́bàá èèpo, tó funfun, ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ra pákó àtijọ́, ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ wò.

Àṣìṣe mi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a délé. Iwájú ilẹ̀kùn náà ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, tí ẹnì kan kùn ún kí wọ́n tó bí mi. Mo ní kí káfíńtà gbé ẹ̀rọ sí i, kí ó fá a títí ìrókò á fi yọ. Ó fá a fún bíi wákàtí kan níwájú ilé Ańtí. Eruku àwọ̀ ewé bo ilẹ̀, ó bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà létí ògiri. Nígbà tí mo jáde, ọmọ aládùúgbò kan, kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ti jókòó sínú eruku náà, ó ń fi ìka ya nǹkan sílẹ̀, ó sì ń fi ìka kan náà bọ ẹnu.

Àyà mi já. Òjé máa ń wà nínú ọ̀dà olóró àtijọ́, ọmọdé sì ni òjé ń ṣe ní jàǹbá jù: ọpọlọ rẹ̀ ló ń bà jẹ́, kì í sì í fi àmì hàn kíákíá. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní ọdún 2010 kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ wá góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400 níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀nba òjé kan tí a mọ̀ pé kò lè pa ènìyàn lára. Mo gbé ọmọ náà lọ bá ìyá rẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láìfi kan pè méjì, a wẹ̀ ẹ́, a fọ aṣọ rẹ̀, mo sì bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ara rẹ̀ le títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. A dá ẹ̀rọ dúró. A da omi sí eruku náà kí ó má baà fẹ́ mọ́, a gbá a pẹ̀lú ewé àti yẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì-méjì, a dì í pa. Ọ̀dà tó kù lára ilẹ̀kùn, a fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ibi tó ń ṣí, a fi omi rin ín kí a tó rọra fi ọwọ́ ha á lórí ọ̀rá tí a tẹ́, a sì fi fáníìṣì tí kò láwọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni iwájú ilẹ̀kùn náà ṣì jẹ́ títí dòní, pẹ̀lú ojú ibi tí a fá kù. Mo fẹ́ kí n máa rí ojú ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì la fẹ́ gé e. Fífẹ̀ ilẹ̀kùn náà jẹ́ ínǹṣì 40, ẹnu ọ̀nà tó ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ pálọ̀ Ańtí kò ju ínǹṣì 36 lọ. Mo ní kí káfíńtà gé ínǹṣì mẹ́rin kúrò létí kan. Ayùn rẹ̀ wọlé dáadáa, kò tíì gé tó àtẹ́lẹwọ́ kan nígbà tó dún gbì, tí iná ṣẹ́ jáde. Ó yọ ayùn, eyín márùn-ún ti lọ. Òkúta funfun kan ló wà nínú igi.

Ańtí ní olúwéré, ẹ̀mí inú ìrókò, ti kọ̀. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti ń la ìrókò tipẹ́ ti bá òkúta yẹn pàdé: ibi tí ìrókò bá ti fara gbọgbẹ́ ló máa ń kó èròjà kan jọ sí, irú èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì àti èèpo ẹyin, títí á fi dì. Àmọ́ inú mi dùn títí dòní pé ó dì síbẹ̀. Káfíńtà gbé ilẹ̀kùn náà nà ró mọ́ ògiri kó lè pààrọ̀ ayùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú síta. Ẹ̀yìn yẹn dúdú, èéfín ààrò Ìyá Àgbà ti dì lé e láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Oòrùn àárọ̀ sì ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀.

"Mà, ẹ wá wo nǹkan," káfíńtà ní.

Ilà kéékèèké ni, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, ìkọ̀ọ̀kan kò ju èékánná lọ. Wọ́n tò láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀ ní etí tí a fẹ́ gé gan-an. Bí mo bá kọjú sí i tààrà, mi ò rí i. Bí mo bá tẹ orí, wọ́n á yọ jáde. Mo fi ìka tọ̀ wọ́n. Àwọn tòkè ti yọ̀ létí, àwọn tìsàlẹ̀ ṣì mú. Lẹ́yìn bíi mélòó kan, ilà gígùn kan á dábùú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ańtí fi bírò kà wọ́n. Mẹ́rìndínlógún, ilà gígùn. Mẹ́rìndínlógún, ilà gígùn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ọ̀wọ́ tó gbẹ̀yìn nìkan ni kò pé: mọ́kànlá.

Ó fi bírò sílẹ̀. "Ifá nìyí," ó ní. Ẹ̀rù bà á. Kí ni Yorùbá tún ń kà ní mẹ́rìndínlógún? Bó bá jẹ́ ohun lásán ni, à bá rí márùn-ún, à bá rí mẹ́wàá tàbí ogún. Ojú odù jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ikin mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi ń dá a. Èmi náà kò ní èsì. Ó ní kí a dá a padà sí abà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ ọmọ Bàbá Ìsọ̀kun.

Bàbá pè wá padà kò pẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Tọ́ọ̀nù ni! Àpò kòkó mẹ́rìndínlógún, tọ́ọ̀nù kan."

Ó ní Bàbá Àgbà kò mọ̀wé, akọ̀wé àwọn tó ń ra kòkó ló mọ̀wé. Ìgbà yẹn, lábẹ́ ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti 1947, ẹni tó gbàṣẹ nìkan ló lè rà á fún ìgbìmọ̀, àgbẹ̀ kò sì lè bá wọn jà lórí ohun tí wọ́n kọ. Torí náà, àpò kọ̀ọ̀kan tó bá jáde nílé, á ti fi ọ̀bẹ gé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó tì í. Bí akọ̀wé bá ní méje ló gbé wá, tó jẹ́ mẹ́jọ, ilẹ̀kùn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Pọ́n-ùn 140 ni àpò kan nígbà náà (pọ́n-ùn ìwọ̀n, kì í ṣe ti owó). Mẹ́rìndínlógún rẹ̀ jẹ́ 2,240, tọ́ọ̀nù àwọn Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́. Nígbà tí a bọ́ sí kílò, wọ́n sọ àpò di 62.5 kí mẹ́rìndínlógún lè di 1,000. Ìwọ̀n yí padà, mẹ́rìndínlógún kò yí padà.

Mo bi Bàbá léèrè mọ́kànlá tó gbẹ̀yìn. Ó ní nígbà tí òun bá wá.

A kò gé ilẹ̀kùn mọ́. Ògiri la gé. Bíríkìlà fi ọjọ́ méjì la ẹnu ọ̀nà pálọ̀ Ańtí síi, kí ó lè gba ilẹ̀kùn náà àti férémù rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wọ́n ju ti ayùn lọ, Ańtí kò sì bá mi jiyàn lé e. Férémù tuntun la kàn, a fi Solignum, oògùn ikán, pa á níta, a fi sílẹ̀ títí òórùn rẹ̀ fi rọlẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti aṣọ gbígbẹ nìkan ló rí, lẹ́yìn náà ìda oyin díẹ̀. Káfíńtà fẹ́ fi sáńpépà kan tó kúnná kọjá lára èéfín náà kó lè mọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ayùn ti wọ̀ ọ́ wà níbẹ̀, a kò dí i, òkúta funfun náà ń wò láti inú rẹ̀ bí eyín ọmọdé. Ẹ̀yìn tó ní ilà ló kọjú sí pálọ̀.

Ó ku kí n sọ nípa àwọn yòókù. Tánganran, mẹ́fà ló kọ́ sí ògiri ìjẹun, àwọn ìdí igi kejì mú mẹ́ta. Ọlọ tó ní ọmọ lọ sílé àwọn ìdí igi kẹta. Ìyàwó ilé ibẹ̀ ń fi lọ ata lórí rẹ̀ báyìí, ohun tó dára jù nínú gbogbo ohun tí a kó nìyẹn lójú tèmi. Àmù ti sán fín-ín-fín nídìí, kò gba omi dúró, ó wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òdòdó nínú ìkòkò ọ̀rá tí a kì bọ inú rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù alákùkọ ló ń dá ilẹ̀kùn dúró kí afẹ́fẹ́ má tì í. Aṣọ ẹtù gba sùúrù díẹ̀: mi ò kan ìṣó mọ́ ọn, mo fi ọwọ́ rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ lókè, mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ kí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ lè jọ gbé ìwúwo rẹ̀, mo sì gbé e sí ògiri tí oòrùn kì í dé, torí oòrùn máa ń jẹ aró. Asọ̀rọ̀mágbèsì kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wà níbẹ̀ ṣá.

Káfíńtà ní kí òun fi gírísì sí àgbékọ́ ilẹ̀kùn kó má baà máa ké. Ańtí ní rárá.

Bàbá Ìsọ̀kun wá ní ọ̀sẹ̀ tí a parí. Ańtí gbé omi fún un, kò tíì mu ún tó fi dìde lọ bá ilẹ̀kùn. Ó yí ẹ̀gbẹ́ sí i kó lè rí ilà náà, ó ń fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ láti òkè, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kà á dé mọ́kànlá. Ìka rẹ̀ dúró lórí pákó tí kò ní nǹkan kan lára.

"Márùn-ún ló kù," ó ní. "Wọ́n wà lórí pẹpẹ, wọn ò tíì gbẹ tán lọ́jọ́ tó kú. Èmi ni mo dì wọ́n, èmi ni mo kó wọn lọ tà. Mi ò gé e."

A kò sọ̀rọ̀. Ó padà lọ jókòó, ó mu omi rẹ̀ tán, ó gbé ife sílẹ̀.

"Ẹ bá mi ṣí i kí n gbọ́."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, mo ti ilẹ̀kùn náà, mo sì tún fà á. Ó ké.